Òòrẹ̀ Oníṣègùn Bẹ Ọ̀wẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Àlọ́ o!

ÀLỌ̀Ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Bàbá Rólákẹ́ tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pàápàá ti jí. Gbádébọ̀, sún sọ́hùn-ún, má fi orúnkún gún mi. Orúnkún tèmi ń ro mí tó, kò fẹ́ ẹlẹgbẹ́. Àlọ́ mi kúrò nílé, ó gba ọ̀nà oko, ó dé ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n to iṣu jọ sí, ó ní òun ò lọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ta ni? Ẹnu ọ̀nà Òòrẹ̀ oníṣègùn ni.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ń gbé pọ̀ ní abúlé kan létí odò. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹfọ̀n ni baálẹ̀ wọn. Ìmàdò ló mọ ebè kọ jù. Ọ̀bọ ló ń gun ọ̀pẹ. Àgbọ̀nrín, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló mọ iṣu gbìn jù nínú gbogbo wọn. Èbù tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kì í kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀.

Òòrẹ̀ ni oníṣègùn wọn. Ẹ ti rí Òòrẹ̀ rí? Ẹ̀gún gígùn-gígùn ló bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí oówo bá mú ẹnìkan, á fa ọ̀kan yọ nínú ẹ̀gún yẹn, á fi tú u, ọyún á jáde, ara á tu onítọ̀hún. Bí ẹ̀gún bá gún ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, ẹ̀gún náà ló fi ń yọ ẹ̀gún. Ó mọ ewé, ó mọ egbò. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. N ò ní í purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo aláìsàn láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni yóò roko? Koríko bo oko Òòrẹ̀, ebi ń pa á. Ẹfọ̀n bá pe gbogbo ìlú jọ.

"Ẹ̀yin ará mi, a ò lè jẹ́ kí ebi pa ẹni tó ń wò wá. Kí ni ká ṣe?"

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀bọ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú òun. "Baálẹ̀, èyí ò le rárá. Ẹni tó bá lọ gba ìwòsàn, kó mú iṣu kan dání. Bó bá tún padà lọ, kó tún mú òmíràn dání. Iṣẹ́ tó bá ṣe la ó san."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dùn létí, àbí? Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ká ní mo wà níbẹ̀, ǹ bá pàtẹ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Oówo mú Ìmàdò lábíyá. Òòrẹ̀ tú u lẹ́ẹ̀kan, ó jinná, iṣu kan. Ọ̀pẹ ya Ọ̀bọ lọ́wọ́. Òòrẹ̀ ní kó má gun ọ̀pẹ títí egbò á fi jinná. Ọ̀bọ tí kì í gbọ́ràn! Ó gùn ún. Egbò ń ya, Ọ̀bọ ń padà wá, ó ń gbé iṣu wá. Ó di ọjọ́ kan, Òòrẹ̀ jókòó síwájú àká rẹ̀, ó ń wo iṣu, ó ń họ orí.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ìmàdò tí mo wò sàn, iṣu kan. Ọ̀bọ tí kò sàn, iṣu rẹpẹtẹ. Áà! Àṣé èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi lé iṣu lọ!"

Láti ọjọ́ náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Oògùn tó yẹ kó fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, á pín in wẹ́wẹ́. Oówo tó yẹ kó tú, á kàn tẹ̀ ẹ́ wò, á mirí. "Hùn. Kò tíì pọ́n. Ẹ padà wá lọ́la." Bí wọ́n bá dé lọ́la: "Hùn. Ó pọ́n jù. Ẹ padà wá lọ́túnla." Ọ̀yà tí kò ní ju ikọ́ díẹ̀ lọ, Òòrẹ̀ sọ fún un pé ikọ́ náà ní àbúrò, pé ẹ̀gbọ́n ni èyí, àbúrò ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀yà dúpẹ́! Ó gbé iṣu kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ń dúpẹ́.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, torí ibi tí mò ń lọ yìí kò ní ẹ̀rín nínú.

Àwẹ̀ró, ọmọ Àgbọ̀nrín, ń sáré nínú oko ni ẹ̀gún bá gún un lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó mú iṣu kan dání, ó di ilé Òòrẹ̀.

"Bàbá Oníṣègùn, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí."

Òòrẹ̀ wò ó. Ẹ̀gún kékeré ni. Kí ojú tó ṣẹ́, ì bá ti fà á yọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sára iṣu ọwọ́ Àgbọ̀nrín. Iṣu náà tóbi, ó gún, kò ní àbùkù kankan. Ó ro ti èyí tí yóò tún gbé wá lọ́la. Ló bá ṣẹ́ orí ẹ̀gún náà nìkan, ó fi ìyókù sílẹ̀ nínú ẹran ara ọmọ, ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ̀gún yìí jinlẹ̀ o. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa yọ ọ́. Ẹ padà wá lọ́la."

Àgbọ̀nrín ń padà sílé, orin ló ń kọ. Ẹ bá mi gbè é. Bí mo bá dákẹ́, ẹ ní "Yọ ọ́ jáde." Ẹ má sáré jù mí lọ.

Òòrẹ̀ oníṣègùn o,
— Yọ ọ́ jáde!
Ẹ̀gún gún ọmọ mi lẹ́sẹ̀,
— Yọ ọ́ jáde!
Má fi í sílẹ̀ dọ̀la o,
— Yọ ọ́ jáde!
Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí,
— Yọ ọ́ jáde!

Ó padà lọ́la. Ó padà lọ́túnla. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí iṣu tó fi pamọ́ fún gbígbìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò sì sàn.

Kì í ṣe òun nìkan. Kò sí ilé tí kò ráhùn. Ẹfọ̀n tún pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ará, iṣu ń tán, àìsàn ò tán. Mo ti ro ó. Iṣu tí à ń gbé dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, iṣu ẹnu ọ̀nà yìí ló ń mú kí Òòrẹ̀ máa ní ká padà wá. Ẹ jẹ́ ká yí i. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé agbọ̀n iṣu kan fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Bí ara ilé náà bá yá, kí wọ́n gbé e wá. Bí kò bá yá, kí wọ́n gbé e wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí iṣu ẹnu ọ̀nà mọ́."

Òòrẹ̀ fa ojú ro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. "Baálẹ̀, ẹ ti pa mí. Ṣùgbọ́n nítorí ìfẹ́ tí mo ní sí ìlú yìí, mo gbà." Nígbà tó délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró ṣàkàṣàkà. "Bí wọ́n wá, agbọ̀n mi ti wọlé! Bí wọn ò wá, agbọ̀n mi ti wọlé! Kí ni mo tún ń da ara mi láàmú sí?"

Ẹ wo ayé! Òòrẹ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n padà wá lọ́la, òun náà ló wá ń lé wọn. Ó na ara sórí ẹní. Bí Ìmàdò bá kanlẹ̀kùn pé ìbàdí ń ro òun, á ní, "Ọjọ́ orí ni." Bí Ọ̀yà bá wúkọ́ dé, á ní, "Afẹ́fẹ́ ni, ó máa lọ." Bí Ọ̀bọ bá na ọwọ́ egbò wọlé lójú fèrèsé, á ní, "Ṣebí ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún ẹ. Lo èkejì."

Àgbọ̀nrín náà dé. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ti wú dé orúnkún, ara ọmọ ń gbóná.

"Bàbá Oníṣègùn, ẹ dákun. Kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́."

"Ẹ fi omi gbígbóná sí i, Ìyá Àwẹ̀ró. Ó máa lọ fúnra rẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ wò ó."

"Ṣebí mo gbọ́ tí ẹ ń sọ ọ́. Gbígbọ́ tí mo gbọ́ ọ ti tó."

Àgbọ̀nrín jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Kò ké, kò bú u. Ó kàn ń kọ orin rẹ̀ ní ohùn kékeré. Ẹ bá mi kọ ọ́ jẹ́jẹ́, ọmọ ń ṣàìsàn.

Òòrẹ̀ oníṣègùn o,
— Yọ ọ́ jáde...
Ara ọmọ mi ń gbóná,
— Yọ ọ́ jáde...

Òòrẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sùn lọ.

Kí lo wí, Mojí? Ṣé ó kú ni? Má pa ọmọ ọlọ́mọ fún mi. Fara balẹ̀. Ẹni bá mú sùúrù ló ń gbọ́ ìparí àlọ́.

Ó kù díẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ọ̀kánjúwà kì í sùn, Òòrẹ̀ nìkan ló ń sùn. Ọ̀kánjúwà bá jí i. "Agbọ̀n ìlú ń bọ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn dájú. Bí mo bá tún wá ní oko ńlá tèmi ńkọ́? Àká kan á di méjì!" Ó wọn ilẹ̀ láti etí odò títí dé ìdí ìrókò. Ilẹ̀ tí ìlú méjì lè jẹ. Ta ni yóò kọ ebè rẹ̀? Ó ní òun á bẹ ọ̀wẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣé ẹ mọ ọ̀wẹ̀? Bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnìkan lọ, á bẹ ará ìlú, wọn á bá a ṣe é pọ̀ lọ́jọ́ kan. Wọn kì í gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ wọn yó. Ẹni tó bá ti jẹ́ ìpè, oúnjẹ tọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ń yẹ àṣà yẹn.

Òòrẹ̀ kó gbogbo iṣu inú àká rẹ̀ jáde. Ó gé apá kan sí èbù fún gbígbìn. Èbù tí a bá sì ti gé kì í dúró dè wá, bí a kò bá gbìn ín, yóò jẹrà. Apá kejì, ó ní kí ìyàwó òun fi gún iyán fún àwọn ọlọ́wẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ṣé ká má fi díẹ̀ pamọ́?"

"Ká fi kí ni pamọ́? Ìwọ ṣáà gúnyán, obìnrin yìí. Ìlú ń bọ̀!"

Ìlú wá lóòótọ́. Òòrẹ̀ gun orí kùkùté kan, ó ń wo ọ̀nà. Ìmàdò ló kọ́kọ́ yọ. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ó di ìbàdí mú. Ọ̀bọ tẹ̀ lé e, ewé ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ikọ́ ń gbé Ọ̀yà gbọ̀n débi pé fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kù ń tiro, wọ́n ń kérora, wọ́n ń bọ̀. Ẹfọ̀n alára ń fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀nà, èkejì ti wú dí. Àgbọ̀nrín ló kẹ́yìn, ó pọn Àwẹ̀ró sẹ́yìn. Kò sí ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Oníṣègùn! A jẹ́ ìpè!"

"Ẹ kú àárọ̀. Ọkọ́ yín dà?"

Ìmàdò ní, "Ìbàdí tí ẹ ní ọjọ́ orí ni, kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Ọ̀bọ ní, "Ẹ ní kí n lo ọwọ́ kejì. Mo lò ó. Òun náà ti ya."

Ọ̀yà fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ ò jẹ́. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó ní, "Bàbá... àbúrò... ti dé."

Ẹfọ̀n wo ìkòkò iyán, ó wo Òòrẹ̀. "Ìpè lo pè, a sì ti jẹ́ ẹ. Àṣà kì í ṣàìsàn. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará, ká jẹun."

Wọ́n jókòó. Ẹ gbọ́, ẹni tí ìbàdí ń dùn, ẹni tí ọwọ́ ń dùn, ẹni tí ojú ń dùn, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ẹnu ń dùn. Wọ́n gbé iyán mì, wọ́n lá ọbẹ̀, wọ́n da agbè ẹmu dé. Kò pẹ́, ìkòkò ń dán.

Òòrẹ̀ dúró láàárín. Ní ọ̀tún, ìkòkò òfìfo. Ní òsì, èbù rẹpẹtẹ, oòrùn ń pa á. Àká nílé kò ní nǹkan kan nínú. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá Rólákẹ́, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ máa ń wí? Ó yé Òòrẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yé ẹ̀yin lọ.

Ó sáré lọ bá Àgbọ̀nrín, ẹni tí kò jẹ òkèlè kan nínú iyán. "Ìyá Àwẹ̀ró! Ẹ̀yin lara yín yá. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbin èbù yìí, kó má jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́!"

Àgbọ̀nrín wò ó. "Bàbá Oníṣègùn, ẹ̀yìn mi lọwọ́ mi méjèèjì wà. Bí mo bá sọ ọmọ yìí kalẹ̀, ìrora á pa á. Ẹ mú ọmọ kúrò lẹ́yìn mi, ọkọ́ á dé ọwọ́ mi."

Ìgbà yẹn lojú Òòrẹ̀ tó là. Ó rí i pé bí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kò bá sàn, ọ̀fun òun náà máa gbẹ. Ó fa ẹ̀gún tó gùn jù lẹ́yìn rẹ̀ yọ.

"Ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ gbé e síbòji. Omi gbígbóná! Ta ló ń dúró? Omi!"

Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. Ó tú ewé ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ó ti pẹ́ díẹ̀," ló sọ lábẹ́ ètè. Àgbọ̀nrín gbọ́ ọ. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Òòrẹ̀ fi ẹ̀gún tú ẹsẹ̀ náà, ọyún ya jáde. Ó ń wá ẹ̀gún tó fi sílẹ̀ níjọ́sí, kò rí i. Ó tún wá a. Òógùn bò ó lójú. Àgbọ̀nrín bá bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí gbogbo ìlú ló gbè é. Ẹ gbè é sókè, kí ilé kejì gbọ́!

Òòrẹ̀ oníṣègùn o,
— Yọ ọ́ jáde!
Ìwọ lo fi sílẹ̀ níjọ́sí,
— Yọ ọ́ jáde!
Má tún wí pé ó dọ̀la,
— Yọ ọ́ jáde!
Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí,
— YỌ Ọ́ JÁDE!

Fọ́ọ̀! Ẹ̀gún náà já wá. Àwẹ̀ró lọgun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ pátápátá. Òòrẹ̀ fi ọwọ́ lé e láyà. Kò sẹ́ni tó mí. Ọ̀yà pàápàá gbé ikọ́ rẹ̀ mì.

Ọmọ lajú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyá mi," ló wí, "ebi ń pa mí."

Áà! Ọlọ́run ṣeun! Àgbọ̀nrín tí kì í sọ̀rọ̀, tí kò ké láti ọjọ́ yìí, bú sẹ́kún, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ìmàdò gbàgbé ìbàdí, ó fò sókè, ìbàdí rán an létí. Wọ́n wá oúnjẹ fún ọmọ, wọ́n yẹ ìkòkò wò, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán! Ni Ọ̀bọ bá rọra wolẹ̀. Ó fa òkèlè iyán ńlá kan yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í pamọ́ sí. "Ẹ má bínú," ló wí, "mo ń gbé e lọ sílé ni." Wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n fún ọmọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń pa àlọ́ yìí, ibẹ̀ yẹn lọkàn mi máa ń balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Òòrẹ̀ kò mí ní tiẹ̀. "Ìmàdò, dùbúlẹ̀!" Oówo ló fara pamọ́ sí ìbàdí rẹ̀, Òòrẹ̀ tú u. Ó fọ ọwọ́ Ọ̀bọ, ó sì so méjèèjì mọ́ ọn láyà kó má baà rí ọ̀pẹ gùn. Ó po àgbo kíkorò fún Ọ̀yà, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Ó fọ ojú Ẹfọ̀n. Kò sọ pé lọ́la fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Àgbọ̀nrín ti gbá ọkọ́ Òòrẹ̀ mú, ó ń gbin èbù, ó ń yíjú wo ibi tí Àwẹ̀ró sùn sí lábẹ́ ìbòji. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ara ẹnìkan bá ti ń yá, á mú ọkọ́ wá bá a. Èbù díẹ̀ jẹrà, ilẹ̀ tó lọ sídìí ìrókò sì di igbó padà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbìn hù.

Nígbà tí gbogbo ara le tán, ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí bínú. "Àṣé ó mọ̀ ọ́n! Àṣé ó lè yọ ọ́ látijọ́! Ẹ jẹ́ ká lé e lọ!"

Ẹfọ̀n ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu Ìyá Àwẹ̀ró. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù."

Àgbọ̀nrín dìde. "Inú ń bí mi sí i. N ò sì ní í gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí a bá lé e, ta ni yóò yọ ẹ̀gún tó ń bọ̀? Ẹ má fún un ní iṣu ẹnu ọ̀nà mọ́. Ẹ má fún un ní agbọ̀n. Ọ̀wẹ̀ ni kí gbogbo wa máa ṣe fún un lọ́dọọdún, kí òun náà sì máa bọ́ wa. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá, á mú ọkọ́ wá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, á mú ikùn wá."

Ìlú rín ẹ̀rín títí. Òòrẹ̀ kò rín. Ó ti ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ẹni tó ṣeé ṣe kó mú ikùn wá.

Láti ìgbà náà, kí òjò tó dé, Òòrẹ̀ á ti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ìmàdò, ìbàdí ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó! Ọ̀bọ, na ọwọ́ jáde! Ọ̀yà, wúkọ́ kí n gbọ́!" Bó bá kan ilé Àgbọ̀nrín, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní í wọlé àfi bí wọ́n bá ní kó wọlé. Á bi í pé, "Àwẹ̀ró ńkọ́?" Wọn á sì nawọ́ sí pápá, níbi tí ọmọ ti ń sáré.

Bí ẹ bá wá rí i lónìí tí Òòrẹ̀ wú iṣu nínú oko yín, ẹ mọ̀ pé iṣu ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ló ṣì ń wù ú. Ẹ lé e kúrò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí ẹ bá fi ara yín lé lọ́wọ́, ẹ wo ohun tí ẹ ń san án fún. Ìlú san Òòrẹ̀ fún ìpadàwá, wọ́n rí ìpadàwá. Wọ́n san án fún ìjókòó, ó jókòó. Ọjọ́ tí oúnjẹ rẹ̀ wá dúró lórí ara líle wọn ni ara wọn tó le. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní iṣẹ́ ìwòsàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ má fi ẹ̀gún sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ nítorí iṣu.

Bí irọ́ ni mo pa, kí orúnkún yìí má jẹ́ kí n dìde. Bí òótọ́ bá wà níbẹ̀... Gbádébọ̀, mú ọwọ́ mi. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ rí i? Mo ti dìde.